Ilé Aṣòfin àti Iṣẹ́ Ìdọ́gba: Ta Ni Yóò Jíhìn?

Bí obìnrin afọ́jú kan bá ń gbé ní Lakowe, tí ọkọ rẹ̀ ń lù ú, tí ó sì ń wá owó díẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò kí ó lè dá dúró, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò tọ̀ kí ó tó rí ìrànlọ́wọ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbà. Nítorí lílù tí ọkọ ń lù ú, yóò lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ tí ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, èyí tí ó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́. Nítorí ojú rẹ̀ tí ó fọ́, yóò lọ sí ọ̀dọ̀ LASODA, ọ́fíìsì tí a dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá, èyí tí ó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti ìdàgbàsókè àwùjọ. Nítorí òwò tí ó fẹ́ ṣe, yóò lọ sí ilé iṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin àti ìgbógunti òṣì, tí àwọn ènìyàn ń pè ní WAPA. Obìnrin kan ṣoṣo ni, ìyà kan ṣoṣo ni ó sì ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá mẹ́ta ni ó ní láti bá sọ̀rọ̀, ìwé mẹ́ta ni yóò kọ, owó ọkọ̀ láti etí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ dé àárín ìlú Èkó ni yóò sì san nígbà mẹ́ta.

A kò sọ èyí láti fi bú àwọn ilé iṣẹ́ náà. Olúkúlùkù wọn ni ó ní ìdí tí a fi dá a sílẹ̀, olúkúlùkù sì ni ó ní òfin tí ó gbé e ró. Òfin tí ó dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé ti wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 2007. Ní ọdún 2014 ni a kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ láti máa jà fún àwọn tí ìwà ipá bá dé bá, ní ọdún 2021 sì ni òfin sọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yìí di àjọ tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Òfin àwọn àkàndá ti Ìpínlẹ̀ Èkó jáde ní ọdún 2011, òun ni ó sì bí LASODA. Báyìí ni iṣẹ́ ìdọ́gba ṣe ń dàgbà níbi gbogbo ní ayé: bí ẹkún kan bá dún, ìjọba a kọ́ yàrá kan sí i, bí òmíràn bá dún, a tún kọ́ yàrá mìíràn. Nígbà tí ó bá pẹ́, ilé náà a ní yàrá púpọ̀, ṣùgbọ́n a lè má rí ọ̀nà tí ó ti inú ọ̀kan bọ́ sí inú èkejì.

Ta ni ó wá yẹ kí ó bèèrè bóyá àwọn yàrá wọ̀nyí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ta ni ó yẹ kí ó bèèrè bóyá owó tí a kọ sílẹ̀ fún wọn dé ọwọ́ wọn, àti bóyá obìnrin Lakowe náà rí ohun kan gbà nínú rẹ̀? Gómìnà lè bèèrè, nítorí òun ni olórí àwọn kọmíṣánnà. Àwọn oníwèé ìròyìn lè bèèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí òfin ilẹ̀ yìí fún ní agbára láti bèèrè, tí a kò sì gbọdọ̀ kọ̀ láti dá lóhùn, ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin.

Ohun tí òfin wí

Ìwé òfin ìpilẹ̀ ti ọdún 1999, èyí tí a ń lò ní ilẹ̀ Nàìjíríà, sọ ní abala 42 pé a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà kankan, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fún un ní àǹfààní tí a fi du ẹlòmíràn, nítorí ìlú tàbí ẹ̀yà tí ó ti wá, nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí nítorí èrò rẹ̀ lórí ìṣèlú. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi ara balẹ̀ kà á, yóò rí i pé abala náà kò dárúkọ àwọn tí ojú wọn fọ́, tàbí àwọn tí kò lè rìn, tàbí àwọn adití. Ìdí nìyí tí ó fi di dandan pé kí a ṣe òfin ọ̀tọ̀ fún wọn. Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2011, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ. Ti gbogbo Nàìjíríà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òfin ti gbogbo Nàìjíríà yìí fi ọdún márùn-ún sílẹ̀ kí a fi tún àwọn ilé ìjọba ṣe, kí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé láìjẹ́ pé a gbé e. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé ọ́fíìsì ìjọba tí ó wà lórí àjà kejì, tí kò ní ohun mìíràn ju àtẹ̀gùn lọ, ti lè dá ara rẹ̀ lóhùn bóyá a pa òfin náà mọ́.

Nípa agbára àwọn aṣòfin, abala 128 àti 129 ni kí a wò fún ti ìpínlẹ̀; abala 88 àti 89 ni ó sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn Ilé méjèèjì ní Abuja. Òfin náà sọ pé Ilé lè pinnu pé kí a ṣe ìwádìí lórí ohunkóhun tí ó ní agbára láti ṣe òfin lé lórí, àti lórí ìṣe ẹnikẹ́ni tàbí ilé iṣẹ́ èyíkéyìí tí ń mú òfin ṣẹ tàbí tí ń ná owó tí Ilé yà sọ́tọ̀. A gbọdọ̀ tẹ ìpinnu náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ Ilé tàbí sínú Gásẹ́ẹ̀tì Ìjọba. Nígbà tí èyí bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ tí Ilé yàn lè pe ẹlẹ́rìí, ó lè mú un búra, ó lè ní kí ó kó ìwé wá. Bí ẹni tí a pè bá kọ̀ láìní ìdí tí ó tọ́, Ilé lè fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́, kí ọlọ́pàá lọ mú un wá.

Ṣùgbọ́n agbára yìí ní ààlà, ó sì yẹ kí àwọn ará ìlú mọ ibi tí ààlà náà wà. Òfin sọ pé ìdí méjì péré ni a fi lè ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀: kí Ilé lè ṣe òfin tuntun tàbí kí ó tún èyí tí ó wà nílẹ̀ ṣe, àti kí ó lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìlèṣiṣẹ́ dáadáa, tàbí ìfowóṣòfò. Nígbà ìjọba alágbádá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1979, Ilé Aṣòfin Àgbà pe Tony Momoh, ẹni tí ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Daily Times nígbà náà, pé kí ó wá wí tẹnu rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé jáde nípa àwọn aṣòfin. Ó gba ilé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ sì dá a láre. Agbára ìwádìí kì í ṣe pàṣán tí aṣòfin lè fi na ẹni tí ó bá bí i nínú.

Ìwádìí nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí kì í pariwo, tí wọ́n sì lágbára ju ìwádìí lọ nígbà púpọ̀. Lọ́dọọdún ni Gómìnà gbọdọ̀ gbé ìwé ìṣúná owó wá síwájú Ilé kí ọdún ìnáwó tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni aṣòfin ti lè fi ìka tọ́ ìlà kan, kí ó sì bi kọmíṣánnà léèrè pé: èló ni a kọ fún yín ní èṣí, èló ni ó dé ọwọ́ yín, kí ni ẹ fi í ṣe, ní ìlú wo? Kọmíṣánnà kò lè sọ pé òun kò ní wá, nítorí abala 108 pa á láṣẹ fún un láti wá sí Ilé bí a bá pè é láti ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní ilé iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Ọ̀gá Àgbà Olùyẹ̀wò Owó yóò fi ìwé ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ilé gẹ́gẹ́ bí abala 125 ti wí, ìgbìmọ̀ tí ń rí sí owó ìlú yóò sì gbé e yẹ̀wò. Ìwé yìí kì í dùn ún kà, ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń sọ òtítọ́ jù.

Ìṣòro kan wà tí ó yẹ kí a sọ ní gbangba. Ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin máa ń jẹ́ òjìji ilé iṣẹ́ ìjọba. Bí ilé iṣẹ́ obìnrin bá wà, ìgbìmọ̀ fún ọ̀rọ̀ obìnrin yóò wà. Bí ilé iṣẹ́ ìdájọ́ bá wà, ìgbìmọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìdájọ́ yóò wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọ̀dọ́. Nítorí náà, bí ìjọba bá pín iṣẹ́ ìdọ́gba sí ọ̀nà mẹ́ta, àwọn tí ń ṣọ́ ọ náà a pín sí mẹ́ta. Olúkúlùkù a máa wo yàrá tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń wo ọ̀nà tí ó yẹ kí ó so yàrá pọ̀. Àyàfi bí Ilé bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ìgbìmọ̀ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ láti jókòó lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹjọ́ afọ́jú tí ọkọ ń lù lè máà jẹ́ ti ìgbìmọ̀ kankan.

Àpẹẹrẹ láti Abuja

Ìdọ́gba kì í ṣe ti ọkùnrin àti obìnrin nìkan. Ní ilẹ̀ tí ẹ̀yà pọ̀ bí ti Nàìjíríà, ìdọ́gba láàrin ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ nínú iṣẹ́ ọba jẹ́ ohun tí ó lè tú ilé ká bí a kò bá ṣe é dáadáa. Abala 14 ìwé òfin ìpilẹ̀ sọ pé kí a yan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́nà tí kì yóò fi jẹ́ pé àwọn ènìyàn láti ìpínlẹ̀ díẹ̀ tàbí ẹ̀yà díẹ̀ ni yóò kún ibẹ̀. Láti mú èyí ṣẹ, ìjọba ológun dá Àjọ Federal Character sílẹ̀ ní ọdún 1996, ìwé òfin ọdún 1999 sì gbà á wọlé. Alága kan ni ó ní, àti kọmíṣánnà kọ̀ọ̀kan láti ìpínlẹ̀ mẹ́rìndínlógójì àti láti Abuja. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣètò bí a ó ti pín ipò iṣẹ́ ọba, Ilé Aṣòfin àpapọ̀ sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí ètò náà. Ó ní agbára láti pe olórí ilé iṣẹ́ tí kò bá tẹ̀lé e lẹ́jọ́.

Ìlànà àjọ yìí kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán tí ń dé gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà, kí ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn láti kọ̀wé. Lẹ́yìn tí ó bá gbà wọ́n tán, àjọ yóò wo orúkọ àti ìpínlẹ̀ wọn, bí ó bá tọ́, yóò fún ilé iṣẹ́ náà ní ìwé ẹ̀rí. Ọmọ Lakowe tí ó jáde ní yunifásítì, tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ ní Abuja, kò ní ohun mìíràn tí yóò gbójú lé ju ìkéde nínú ìwé ìròyìn náà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀yìn kan wà. Ilé iṣẹ́ lè tọrọ àyè láti gba òṣìṣẹ́ láìkéde. Bí a bá ń fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lemọ́lemọ́, ìlànà náà a di ìwé lásán, ẹni tí ó sì mọ ènìyàn ni yóò máa rí iṣẹ́.

Ní ọdún 2023, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí bí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ti ń gba òṣìṣẹ́ àti ẹ̀sùn pé a ń ta iṣẹ́. Yusuf Gagdi láti Ìpínlẹ̀ Plateau ni alága ìgbìmọ̀ náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọ̀rọ̀ kan Àjọ Federal Character fúnra rẹ̀. Àwọn kọmíṣánnà àjọ náà wá síwájú ìgbìmọ̀ láti fi ẹ̀sùn kan alága wọn nípa bí ó ti ń ṣàkóso. Ẹnì kan tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ búra, ó ní òun gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń wá iṣẹ́. Alága àjọ sẹ́ ẹ̀sùn náà, ó ní òun kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹ̀sùn ni ẹ̀sùn ń jẹ́. Ilé ẹjọ́ nìkan ni ó lè dá ènìyàn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń kà á ní ìgbèríko ni pé gbangba ni a ti gbọ́ ọ. Àjọ tí a dá sílẹ̀ láti máa bi àwọn ẹlòmíràn léèrè nípa ìdọ́gba, a bi òun náà léèrè, lábẹ́ ìbúra, níwájú àwọn oníwèé ìròyìn. Ká ní kò sí abala 88, inú ọ́fíìsì ni ọ̀rọ̀ náà ìbá kú sí.

Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ tí a gbé dìde fún ìgbà díẹ̀ ní àléébù tirẹ̀. Ariwo rẹ̀ a máa pọ̀, àwọn ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, lẹ́yìn náà a ó wá òpin rẹ̀ tì. Ìgbìmọ̀ tí ó dúró, tí ń pe àjọ kan náà lọ́dọọdún láti bèèrè iye ilé iṣẹ́ tí a fún ní àyè láti má kéde àti ìdí rẹ̀, ni ó lè mú ìyípadà wá. Ilé méjèèjì ní Abuja ni ó ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Federal Character. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n máa ṣe é bí iṣẹ́, kí wọ́n má máa ṣe é bí eré.

Nípa ti àwọn obìnrin, ìtàn tí ń lọ tí ń bọ̀ ni. Ní ọdún 1989, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Ní ọdún 1995, a sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ní mínísítà tirẹ̀, a sì fi ọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè àwùjọ kún un, tí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2019, a dá ilé iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ àwọn tí ìyà ń jẹ, ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá sì kó lọ síbẹ̀. Ìlànà ìjọba ti ọdún 2006 sọ pé nínú ipò ọgọ́rùn-ún, kí a fi márùn-dín-lógójì fún àwọn obìnrin. Ìlànà ni, kì í ṣe òfin. Sẹ́nẹ́tọ̀ Biodun Olujimi láti Gúúsù Èkìtì gbé àbá òfin wá láti sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di òfin, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 2016, Ilé Aṣòfin Àgbà kọ̀ ọ́ nígbà tí a fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn kan ní ó lòdì sí ẹ̀sìn àti àṣà. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé Ìpínlẹ̀ Èkìtì, níbi tí sẹ́nẹ́tọ̀ náà ti wá, ti ní irú òfin náà láti ọdún 2013, ọ̀run kò sì tíì wó lulẹ̀ ní Adó-Èkìtì.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, a tún kọ àbá márùn-ún tí ó kan àwọn obìnrin nígbà tí a ń tún ìwé òfin ìpilẹ̀ ṣe. Àwọn obìnrin kó ara wọn jọ sí ẹnu ọ̀nà Ilé Aṣòfin ní Abuja, wọn kò kúrò níbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ilé Aṣojú-ṣòfin fi sọ pé òun yóò tún mẹ́ta yẹ̀wò nínú wọn.

Bí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe é

Àwọn kan rò pé àìlètò yìí jẹ́ ti ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a dá ọ́fíìsì ìjọba kan sílẹ̀ fún ìdọ́gba ní ọdún 2007. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ru ẹrù rẹ̀ kiri bí ayálégbé tí onílé ń lé. Mínísítà tí ó bá gba ọ̀rọ̀ ìdọ́gba mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ ni ọ́fíìsì náà ń tẹ̀ lé lọ sí ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2018 nìkan, inú ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó ti ibẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé, kí a sì tó dé àárín ọdún ó ti wà ní ilé iṣẹ́ tí ń rí sí ìrànlọ́wọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kó ẹrù rí mọ̀ pé iṣẹ́ kì í lọ dáadáa ní ọ̀sẹ̀ tí a ń kó ẹrù.

Ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin wọn ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 2015 fún ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìdọ́gba. Ìgbìmọ̀ yìí kò wo ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ ni ó ń wò, ibikíbi tí ọ̀rọ̀ náà bá gbà lọ nínú ìjọba. Ní ọdún 2018, ó pe àwọn ẹlẹ́rìí, ó gbọ́ ẹnu wọn, ó sì kọ ìwé jáde pé ọ́fíìsì ìdọ́gba gbọdọ̀ ní ibùjókòó tí kì í yẹ̀, ní àárín gbùngbùn ìjọba, níbi tí ó ti lè bá gbogbo ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ìjọba gbà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, a kó ọ́fíìsì náà lọ sí ilé iṣẹ́ tí ń ṣètò iṣẹ́ gbogbo ìjọba pọ̀. Kò sí òfin tuntun tí a ṣe, kò sí ẹni tí a mú lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ìbéèrè ni a bèèrè, a sì tún un bèèrè títí tí ìdáhùn fi jáde.

Àwọn tí ń jókòó nínú Ilé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Wuraola Esan láti Ìbàdàn ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jókòó nínú Ilé Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ọdún 1960. Nígbà tí a ṣí Ilé kẹwàá ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nínú sẹ́nẹ́tọ̀ mọ́kàndínláàádọ́fà, obìnrin mẹ́ta péré ni ó wà níbẹ̀. Idiat Adebule láti Ìwọ̀-oòrùn Èkó wà lára wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi ẹ̀kẹrin kún wọn nígbà tí ó dá Natasha Akpoti-Uduaghan láti Kogi láre. Ní Èkó, a yan Mojisola Meranda láti Àpápá ní Abẹnugan Ilé ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2025, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà ní ìpínlẹ̀ yìí. Kò pé oṣù méjì tí ó fi kúrò níbẹ̀, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ sì padà sórí àga. A kò wí pé ọkùnrin kò lè bèèrè ìbéèrè rere lórí ọ̀rọ̀ obìnrin. Àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó kan ènìyàn lára ni í tètè rántí.

Ohun tí ará Lakowe lè ṣe

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ní aṣòfin méjì nínú ogójì tí ó wà ní Aláùsá. Ilé náà a máa ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ará ìlú ní ẹkùn ìdìbò gbogbo ní ọjọ́ kan náà, níbi tí aṣòfin ti ń jíhìn tí ó sì ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn tí ó rán an. Ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àti iná ìjọba ni àwọn ènìyàn máa ń bèèrè jù, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Awoyaya sí Lakowe nígbà òjò mọ ohun tí ojú ń rí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà àti iná nìkan bá ni a ń bèèrè, ọ̀nà àti iná nìkan ni aṣòfin yóò máa gbé dé Aláùsá.

Ìbéèrè tí ó dára kì í fẹ̀ jù. Bí a bá bèèrè pé kí ni ìjọba ń ṣe fún àwọn obìnrin, ìdáhùn tí a óò gbà ni pé ìjọba ń ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n bí a bá bèèrè pé ènìyàn mélòó láti Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí ni ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ WAPA ní ọdún tí ó kọjá, pé níbo ni òṣìṣẹ́ LASODA tí ó súnmọ́ Lakowe jù lọ wà, pé bí obìnrin bá sá jáde nílé ní òru nítorí lílù, ta ni yóò kọ́kọ́ gbà á, owó ta ni a ó sì fi gbé e lọ, nígbà náà ni ìdáhùn yóò ní iye, orúkọ ibi, àti ọjọ́ nínú. Aṣòfin tí ó bá gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ sí ìjókòó ìṣúná owó ní ohun gidi lọ́wọ́ láti fi bá kọmíṣánnà sọ̀rọ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró de ìpàdé lè kọ̀wé. Òfin ọdún 2011 tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti wo ìwé ìjọba sọ pé kí ilé iṣẹ́ dáhùn láàrin ọjọ́ méje. Ó pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń jiyàn pé òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi òpin sí àríyànjiyàn náà: ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìjọba, láti ti àpapọ̀ títí dé ti ìbílẹ̀. Ẹni tí ń kọ̀wé kò ní láti sọ ìdí tí ó fi fẹ́ ìwé náà.

Nígbà tí Ilé bá sì pe ìpàdé ìtagbangba lórí àbá òfin kan, a máa ń kéde rẹ̀, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè fi ìwé èrò rẹ̀ ránṣẹ́. Kò di dandan kí ó jẹ́ amòfin. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà lè kọ ọ́, ẹgbẹ́ àwọn àkàndá lè kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú. Bí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀wé nínú ẹgbẹ́, olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè bá wọn kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Kí ìwé náà má gùn ju ojú ewé méjì lọ. Kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ tí a lọ, àti ohun tí wọ́n wí. Kí ó sọ ohun tí a fẹ́ kí Ilé ṣe. Kí a fi orúkọ àti ọwọ́ sí i, kí a fi ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláùsá, Ìkẹjà, kí a fi ẹ̀dà kan fún aṣòfin tí ó ń ṣojú ẹkùn náà, kí a sì tọ́jú ẹ̀dà kan sílé pẹ̀lú ìwé tí ó fi hàn pé wọ́n gbà á.